Àwọ̀ Kọ́ Ni Ajá Fi Ń Ṣọ́ Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí lè kéré lójú ẹlòmíràn. Ó lè ní, "Ajá kẹ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ ajá ló kù tí a ó máa kọ?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ajá kan ọmọ yín, ó kan aládùúgbò yín, ó kan owó àpò yín, ó sì kan ẹ̀dá tí kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ rojọ́.

Ẹ rìn láti Fájuyì lọ sí Òkèṣà, kí ẹ gba Ìjìgbò bọ́ sí Ọjà Ọba, ẹ ó rí ajá tí kò ní olówó mọ́. Òmíràn, olówó rẹ̀ gba tránsífà lọ sí Ìkọ̀lé tàbí Òmùò, kò sì lè gbé e dání. Òmíràn, akẹ́kọ̀ọ́ tàbí àgùnbánirọ̀ ló ń sìn ín. Ó parí tirẹ̀, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Òmíràn, ẹ̀yìn ìsọ̀ ẹlẹ́ran ni wọ́n bí i sí. Ní Èkó, Dókítà Mark Ofua, tó jẹ́ dókítà ẹranko, dá St Mark's Animal Rescue Foundation sílẹ̀ láti máa gba ẹranko tó wà nínú ewu là. Fún ọ̀pọ̀ wa níhìn-ín, ojú pópó àti ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò ni a ti ń rí irú ajá bẹ́ẹ̀, kí ó tó di pé ó bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀ ẹlòmíràn.

Nígbà tí ènìyàn rere kan bá wá ní òun fẹ́ mú ọ̀kan nínú wọn lọ sílé, kí ni ó máa ń kọ́kọ́ béèrè? "Àwọ̀ wo ló ní? Ṣé ó ga? Ṣé ó jọ ti òyìnbó?" Èyí tó dúdú, wọ́n á ní ti àjẹ́ ni. Èyí tó jẹ́ pupa lásán bí ajá ìbílẹ̀ wa, wọ́n á ní "Bíńgò" ni, wọ́n á sì kọjá. Èyí tí etí rẹ̀ nà ṣánṣán bíi ti Alsatian, tàbí tí irun rẹ̀ kún, ènìyàn mẹ́ta mẹ́rin ni yóò máa du ú. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́. Kò sí ẹni tó béèrè bí ó ṣe ń ṣe sí ọmọdé.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹni tó bá fi ojú yan ajá, ojú ni yóò fi sìn ín. Ọjọ́ tí ojú bá sú, ajá náà gbé, ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ náà sì wà nínú ewu.

A mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń mú kí àwọn kan máa wá ajá ńlá. Ọjọ́ 29 oṣù Kìíní, ọdún 2024, kò tíì kúrò lọ́kàn wa ní Èkìtì. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n pa ọba Ìmòjò àti ọba Ẹ̀sùn lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn gbé nínú bọ́ọ̀sì ní Emùré. Bàbá tó bá ń wá ajá tí yóò ṣọ́ ilé lẹ́yìn irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bú u.

Ṣùgbọ́n kí ni ajá fi ń ṣọ́ ilé gan-an? Etí rẹ̀ ni, imú rẹ̀ ni, àti gbígbó rẹ̀. Ajá ìbílẹ̀ tó rí kíún tó sì gbó ní aago méjì òru ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Onílé ti jí, àdúgbò ti jí. Ẹ sì jẹ́ kí a sọ ohun kan tí yóò ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu: àwọ̀ funfun tí a ń lé kiri yìí, nínú àwọn ìran ajá kan ó máa ń bá odi etí rìn. Ọ̀pọ̀ ajá Dalmatian, ajá funfun tó ní tóótòòtó dúdú tí a máa ń rí nínú fíìmù, ni kò gbọ́ràn ní etí kan tàbí ní etí méjèèjì láti kékeré. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èyí tí kò lè gbọ́ fèrè rárá ńkọ́? Ẹwà rẹ̀ kò ní kó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ olè.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ooru pẹ̀lú. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ajá tí imú rẹ̀ wọnú, bíi Bulldog àti Pug, kì í rí èémí mí dáadáa nínú ooru. Èyí tí irun rẹ̀ kì bí aṣọ òtútù, ilẹ̀ tútù ni wọ́n tọ́ ọ fún. Ẹ fi wọ́n sí abẹ́ páànù ní Adó nínú oṣù Kejì, ìyà ni. Ajá ìbílẹ̀ tí a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, irun rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ fúyẹ́, ilẹ̀ yìí sì ti mọ́ ọn lára láti ọ̀pọ̀ ìran. A kò sọ pé àìsàn kì í ṣe é o. Eégbọn ń jẹ ẹ́, aràn ń yọ ọ́ lẹ́nu, òun náà nílò abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n kò ní máa bá ojú ọjọ́ jà lójoojúmọ́.

Owó oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Ajá ńlá ń jẹ oúnjẹ ńlá. Ilé tí agbára rẹ̀ kò ká a, ẹ̀bà àná ni yóò máa fún un, yóò sì so ó mọ́ ṣéènì láti àárọ̀ dalẹ́. Ajá tí ebi ń pa, tí wọ́n so mọ́lẹ̀, tí kò bá ènìyàn ṣeré, ó di òǹrorò. Ọjọ́ tí ṣéènì já, ọmọ tó ń lọ pọnmi ló máa ń pàdé rẹ̀. Ajá kọ́ ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní, "Pásítọ̀, ìran tí ajá ti wá la fi ń mọ ìwà rẹ̀." Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ti wádìí èyí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, wọ́n gbé iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n gba ìdáhùn nípa ìwà ajá tó lé ní 18,000 lẹ́nu àwọn olówó wọn, wọ́n sì yẹ àbùdá inú ara ajá tó lé ní 2,000 wò. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìran kò lè ṣàlàyé ju bíi ìdá 9 nínú 100 lọ nínú ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìwà ajá kan sí èkejì. Ajá méjì tó jọra bí ìbejì lè yàtọ̀ síra bí ọ̀sán àti òru.

Àríyànjiyàn yìí ti délé ẹjọ́ lókè òkun, àwọn ọmọ wa tó wà ní London sì mọ̀ ọ́n. Òfin kan wà níbẹ̀ láti ọdún 1991 tó ka irú àwọn ajá kan léèwọ̀. Nígbà tí ajá tí wọ́n ń pè ní XL Bully pa ènìyàn mélòó kan, ìjọba fi í kún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọdún 2023, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tà á tàbí fi í tọrẹ mọ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì, ọdún 2024, ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ kò gbọ́dọ̀ ní i nílé. Gíga àti ìrísí ara ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ìjọba ní ẹ̀mí ènìyàn ni òun ń dáàbò bò, ẹ̀mí ènìyàn sì ṣe pàtàkì lóòótọ́. Àwọn bíi RSPCA, àti ilé Battersea tó ti ń gba ajá aláìnílé láti ọdún 1860, ní ìwà ajá àti ìwà olówó rẹ̀ ló yẹ kí òfin máa wò. Ibi yòówù kí ẹ dúró sí, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀: ajá tí kò bu ẹnikẹ́ni jẹ rí lè pàdánù ilé nítorí ojú tí wọ́n bí mọ́ ọn.

Èyí tó wúwo jù ni àrùn dìgbòlugi. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé bíi ènìyàn 59,000 ló ń tipa rẹ̀ kú lọ́dọọdún káàkiri ayé, ajá ló sì ń kó o ran ènìyàn ní bíi 99 nínú 100. Nínú ènìyàn 10 tí ẹranko tí a fura sí bá bù jẹ, bíi 4 ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Bí àmì àrùn náà bá ti yọ lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Àrùn yìí kì í wo àwọ̀. Ajá tí irun rẹ̀ ń dán lè ní in nínú itọ́ kí àmì kankan tó hàn. Abẹ́rẹ́ nìkan ni ààbò, kì í ṣe ẹwà.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gba ajá, ẹ jẹ́ kí a ṣe báyìí:

Èkíní, ẹ kọ́kọ́ wo ara yín. Ta ni yóò máa fún un lóúnjẹ? Ṣé géètì wà? Bí tránsífà bá dé, ta ni yóò mú un? Bí ìdáhùn kò bá sí, ẹ má gbà á.

Èkejì, ẹ lọ wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ wò ó nígbà tó ń jẹun, nígbà tí àlejò dé, nígbà tí ọmọdé ń sáré kọjá. Ẹ béèrè ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹta, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kí ó tó wọlé. Ọmọ ajá tó bá ti pé oṣù mẹ́ta lè gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ẹ máa tún un gbà lọ́dọọdún, kí ẹ sì tọ́jú káàdì rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé a kì í yọ ajá lẹ́nu tó bá ń jẹun tàbí tó bá ń sùn.

Ẹ̀karùn-ún, bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi epo tàbí ata sí i. Ẹ má sì sáré pa ajá náà. Bí ó bá ṣeé dè, ẹ dè é kí dókítà lè ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Ẹ̀yin òbí, àwọn ọmọ ń wò wá. Bí a bá ní kí wọ́n má fi aṣọ tàbí ojú díwọ̀n ọmọlàkejì wọn, tí wọ́n sì rí wa tí a ń yan ẹ̀dá alààyè bí ẹni ń yan bàtà, èwo ni kí wọ́n tẹ̀ lé? Lọ́jọ́ kejì tí ajá náà bá sì ṣàìsàn tí a lé e síta, kí ni wọ́n kọ́ nínú rẹ̀?

Àwọn baba wa ní ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn yóò pa ọ̀bọ. Wọn kò sọ pé ajá tó bá pupa, wọn kò sọ pé èyí tó bá ga. Bíńgò tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ yẹn lónìí, ohun tó kù fún un kò ju ẹni tí yóò wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Bí ilé yín bá gbà á, ẹ lọ wò ó lọ́sẹ̀ yìí.