Àṣìṣe Báńkì Kì í Ṣe Ìdáhùn Àdúrà

Bí ewúrẹ́ aládùúgbò bá ṣìnà wọ agbo ilé wa, tí ẹnì kan so ó mọ́lẹ̀ tó sì ń wá ọ̀bẹ, gbogbo wa la mọ orúkọ tí à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí báńkì bá ṣèèṣì san owó kan náà fún ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ a yí padà. À á ní Ọlọ́run ló ṣe é. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ bọ́ síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Mo kọ àròkọ yìí láti tako èrò náà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: owó tí kì í ṣe tẹni, dídá padà ni, ìbáà jẹ́ ọwọ́ ènìyàn ló bọ́ sí, ìbáà jẹ́ ọwọ́ báńkì.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2021, báńkì Santander tó wà níbẹ̀ tún san owó tó ti san tẹ́lẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi 2,000 ló ní kí wọ́n bá àwọn san owó náà. Iye ìgbà tí owó jáde tó 75,000, àpapọ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bíi 130 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Owó oṣù òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀, owó àwọn tó ń kó ọjà fún ilé-iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò pàdánù, nítorí àpò báńkì fúnra rẹ̀ ni owó ẹlẹ́ẹ̀kejì ti jáde. Ṣùgbọ́n apá kan owó náà ti bọ́ sí àkáǹtì àwọn ènìyàn ní báńkì mìíràn, Santander kò sì lè kàn na ọwọ́ mú un padà. Ó di dandan kó bẹ àwọn báńkì yòókù kí wọ́n bá òun gbà á.

Òṣìṣẹ́ kan lè jí láàárọ̀ Kérésìmesì, kó yẹ fóònù rẹ̀ wò, kó bá owó oṣù méjì níbẹ̀. Ó lè rò pé ẹ̀bùn ọdún ni ọ̀gá òun fi ránṣẹ́. N kò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí, nítorí ẹni tí kò mọ̀ kì í ṣe olè. Ẹni tí mò ń bá wí ni ẹni tó mọ iye owó oṣù rẹ̀ bí ẹní mowó, tó rí i pé ó ti di ìlọ́po méjì, tó wá sáré lọ sídìí ẹ̀rọ ATM kí báńkì tó fura. Òfin Olè Jíjà ti ọdún 1968 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ ìyàtọ̀ yìí. Ó ní ẹni tí a ṣèèṣì fún ní ohun tó yẹ kó dá padà, tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, tó sì pinnu pé òun kò ní dá a padà, lè di olè lójú òfin.

Àwọn kan yóò ní, “Ṣé èmi ni mo ní kí báńkì ṣàṣìṣe ni?” Rárá o. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kì í sọ ohun olóhun di tẹni. Láyé àtijọ́, àwọn ìyá wa a máa pàtẹ iṣu tàbí ọsàn sẹ́bàá ọ̀nà, wọn a kó òkúta wẹ́wẹ́ tì í láti fi iye owó rẹ̀ hàn, wọn a sì bá tiwọn lọ. Ẹni tó ń kọjá a mú èyí tó fẹ́, a fi owó sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá kó iṣu lọ láìsanwó, ṣé yóò ní oníṣu ló jẹ̀bi nítorí pé kò jókòó ti ọjà rẹ̀?

Àtakò tó le jù ti Amẹ́ríkà wá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, báńkì Citibank fẹ́ bá ilé-iṣẹ́ Revlon san èlé fún àwọn tó yá a lówó. Dípò èlé nìkan, báńkì ṣèèṣì fi owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900 mílíọ̀nù dọ́là ránṣẹ́, èyí tó kárí gbogbo gbèsè náà. Àwọn kan dá tiwọn padà. Àwọn tó kọ̀ di nǹkan bíi 500 mílíọ̀nù mú, wọ́n ní gbèsè àwọn ni. Ní 2021, adájọ́ kan ní New York dá wọn láre. Ṣùgbọ́n ní 2022, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà, nítorí ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n san gbèsè náà kò tíì pé. Bí a bá lè sọ èyí fún ẹni tí wọ́n jẹ lówó ní tòótọ́, kí ni ká wá sọ fún ẹni tí ẹnikẹ́ni kò jẹ ní kọ́bọ̀?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ẹ̀rọ Commercial Bank of Ethiopia dàrú fún wákàtí díẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń gba owó tí wọn kò ní. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì pọ̀ nínú wọn. Kò pẹ́ tí àwọn fásitì fi ń rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn pé kí wọ́n dá owó padà, báńkì sì gbé orúkọ àwọn tó kọ̀ síta. Owó tán, orúkọ bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n n kò ní dá báńkì sí. Àwọn tó ní báńkì ń rẹ́ wa jẹ kò purọ́ tán. Àbúrò bàbá mi ra epo bẹntiróòlù, ẹ̀rọ POS yọ náírà 18,500 lẹ́ẹ̀mejì lára owó rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lọ sí báńkì rẹ̀. Wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kó lọ máa retí. Ọjọ́ 23 ló lò kó tó rí owó rẹ̀ gbà. Bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti pàṣẹ pé irú ẹjọ́ POS bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 72 lọ. Ká ní òun ni báńkì san owó lẹ́ẹ̀mejì fún, ṣé wọn yóò fún un ní ọjọ́ 23? Òṣùwọ̀n tí báńkì fi ń wọn tiwa ni kó fi wọn tirẹ̀. Bí ó bá sì ṣàṣìṣe, kó kọ́kọ́ kàn sí ẹni tó kàn, kó sì fún ẹni tó ti ná an láìmọ̀ láyè láti san án díẹ̀díẹ̀.

Síbẹ̀, ìwà àìtọ́ báńkì kò sọ tiwa di títọ́. Bí owó àjèjì bá wọ àkáǹtì rẹ, má fọwọ́ kàn án. Kọ̀wé sí báńkì rẹ, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà. Bí ẹnì kan bá pè ọ́ lórí fóònù pé òun ló ṣì í fi ránṣẹ́, má fi owó kankan ránṣẹ́ sí i. Báńkì ni kí o jẹ́ kó dá a padà, nítorí àwọn gbájúẹ̀ a máa fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tan ènìyàn.

Ẹ̀yin òbí, ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Bí ọmọ yín bá mú irú owó bẹ́ẹ̀ wálé, ẹ má bá a jó. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí kún ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúwàbí tí ẹ ń kọ́ wa. Ẹ̀rọ lè san owó lẹ́ẹ̀mejì, kò sì ní tijú. Àwa la ní ojú tó lè tì wá.