Ọ̀gá Eré tàbí Atọ́kùn Eré?

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àkójọ èdè ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, dojú kọ ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ọ̀rọ̀ eré kò sí lára iṣẹ́ tí ó gbà ṣe. Nítorí náà, ó ṣì ku ẹnì kan tí ó yẹ kí a fún lórúkọ: ẹni tí ń darí eré ìdíbọ́n orí tábìlì.

Nínú eré yìí, òṣèré kọ̀ọ̀kan a máa sọ ara rẹ̀ di ẹ̀dá-ìtàn kan. Ẹnì kan a máa ṣàpèjúwe ayé tí àwọn ẹ̀dá-ìtàn náà wà, a sì máa sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn lẹ́yìn tí dáìsì bá ti balẹ̀. Ní 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Rẹfirí ni ìwé àkọ́kọ́ náà pe olùdarí, bí ó tilẹ̀ gbà á láyè láti fi èrò tirẹ̀ kún òfin. Kò pẹ́ tí orúkọ náà fi yí padà di ọ̀gá àjà-ilẹ̀. Nígbà tí Gygax sì kọ ìwé fún àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ní 1979, ó fi àṣẹ ìkẹyìn lé wọn lọ́wọ́.

Níbo ni àṣẹ náà yẹ kí ó dé? Ohun mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀: ìtumọ̀ òfin, àfikún òfin àti ìyípadà òfin. Ká ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń ṣe eré náà ní Ìjù, ní àgbègbè ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà, tí òfin sì sọ pé ẹni tí yóò la odò kọjá gbọ́dọ̀ ju 12 ó kéré tán lórí dáìsì olójú 20. Bí wọ́n bá béèrè bóyá òfin náà kan ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ìdáhùn olùdarí jẹ́ ìtumọ̀. Bí ọ̀kan bá fẹ́ fi igi ọ̀pẹ ṣe afárá, tí ìwé kò sì mẹ́nu bà á, iye tí olùdarí bá dá jẹ́ àfikún. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ju 14, tí olùdarí wá sọ pé 16 ni odò ń béèrè, ìyípadà nìyẹn. Iṣẹ́ olùdarí ni méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta kò tọ́ sí i láìjẹ́ pé gbogbo òṣèré fọwọ́ sí i.

Ayò ọlọ́pọ́n ti kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí tipẹ́. Ihò 12 ni ọpọ́n ní, ọmọ 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Síbẹ̀, òfin títa rẹ̀ kò dọ́gba níbi gbogbo. Ilẹ̀ Àwórì ni Ọ̀tà àti agbègbè rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ti kó òṣìṣẹ́ ìlú púpọ̀ jọ síbẹ̀. Ẹni méjì tí ìlú wọn yàtọ̀ ní láti fẹnu kò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ayò. Òfin tí a fẹnu kò lé lórí kò ní àbùkù; èyí tí a yí padà nígbà tí ọmọ ti wà lọ́wọ́, èrú ni.

Àwọn kan lè sọ pé olùdarí gbọ́dọ̀ lè gba ọmọ tí oríire dáìsì kọ̀ sílẹ̀ là. Òótọ́ ni, pàápàá nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n kí ó sọ ọ́ ní gbangba, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Àánú tí a ṣe ní ìkọ̀kọ̀ lónìí ni yóò sọ ìyà ọ̀la di ohun ìfura.

“Ọ̀gá eré” kò lè gbé ìtumọ̀ yìí. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ọ̀gá jẹ́: a kì í jà á níyàn. “Rẹfirí” kò ní ìtàn láti sọ. “Apàlọ́” ní ìtàn, ṣùgbọ́n àwọn olùgbọ́ rẹ̀ kọ́ ni ń yan ọ̀nà tí àlọ́ yóò gbà. Atọ́kùn eégún ni ó sún mọ́ ọn jù. Ó ń la ọ̀nà, ó ń túmọ̀ ohùn eégún fún èrò, ọ̀pá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, òun kọ́ ni èrò wá wò, kò sì lè dá ìlànà ọdún eégún yí padà. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n pàápàá ti sọ “atọ́kùn ètò” di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́.

Kí àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè gba “atọ́kùn eré” wọlé. Orúkọ náà yóò máa rán ẹni tí ó bá ń jẹ́ ẹ létí pé àwọn tí ó ń tọ́ sọ́nà ni wọ́n ni eré.