Bí Òkun Bá Tú Ayétòrò Ká, Ta Ni Yóò Gbe Orin?

Ìgbàkígbà tí ìròyìn bá jáde pé òkun tún ti ya wọ Ayétòrò, ní etíkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, iye ilé tó wó ni a kọ́kọ́ máa ń bèèrè. Lẹ́yìn náà ni a ó bèèrè ilé-ìwé, ilé-ìwòsàn àti ilé ìjọsìn. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwé ìròyìn, bí èmi náà ṣe máa ń bèèrè nìyẹn. Ìbéèrè kan wà tí kò wá sí mi lọ́kàn nígbà náà: orin àti ìlù wọn ń kọ́?

Ọdún 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó. Inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni wọ́n ti jáde wá, ìjọ tí Mósè Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá sílẹ̀ ní 1925. Lásìkò tí ọ̀pọ̀ ìjọ tí àwọn òyìnbó mú wá ka ìlù sí ohun èlò abọ̀rìṣà, àwọn Aládùúrà ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń lùlù, wọ́n sì ń jó níwájú Ọlọ́run wọn. Ní Ayétòrò, wọ́n jọ ń pẹja, wọ́n jọ ń kan ọkọ̀ ojú omi, àpò kan náà ni owó wọn sì ń wọ̀. Ètò àpò kan yìí yí padà ní ìparí àwọn ọdún 1960, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ ìlù mu gidigidi.

Ìdí ni pé ìlù kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹ wo ọ̀wọ́ dùndún. Ìyá ìlù ni gbogbo ayé ń gbọ́. Òun ló ń pòwe, òun ló ń ki oríkì. Ṣùgbọ́n gúdúgúdú kékeré tí ó kọ́ ọrùn onílù, tí wọ́n ń fi awọ lù, ni kì í yẹsẹ̀. Ibi tí ìlù kan fi sílẹ̀ ni èkejì ń bọ́ sí. Bí gúdúgúdú bá dákẹ́, ìyá ìlù lè máa sọ̀rọ̀ lọ, ẹsẹ̀ oníjó yóò ṣì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni Biripo, orin ijó àwọn Ìlàjẹ: ẹni tó ń lé e kò níyì láìsí elégbè.

Ẹnìkan lè sọ pé fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa, kí a gbà á sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ni fóònù ń gbà. Kò lè gba ọmọdé tó jókòó sẹ́yìn àwọn onílù, tí wọ́n kọ́kọ́ fún ní agogo, tí àgbà fi ojú sọ fún pé ó ti ṣi í lù. Babátúndé Olátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, gbé ìlù wa kọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí àwo rẹ̀, Drums of Passion, jáde ní 1960, òun nìkan kọ́ ló lù ú. Ó kó onílù àti akọrin jọ. Lẹ́yìn náà ló dá ibùdó ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Harlem. Ènìyàn ló kó jọ kí ìlù tó lè gbé ibẹ̀.

Ní Ayétòrò, ìtúká ni a ń rí. Àwọn kan gba Igbókọ̀dá lọ, àwọn mìíràn gba Òkìtìpupa, àwọn mìíràn forí lé Èkó. Àjọ NDDC gbé iṣẹ́ ìdènà òkun fún agbaṣẹ́ṣe ní 2004. Ó ti lé ní ogún ọdún, omi ṣì ń jẹ ilẹ̀.

Kí ìjọba dènà òkun, ìyẹn ni àkọ́kọ́. Bí ó bá sì di dandan kí wọ́n ṣí, ibì kan náà ni kí wọ́n kó gbogbo wọn sí. Kí a má ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lówó pé kó wá ibi tí yóò forí pamọ́ sí. A lè tún ilé kọ́ sí ilẹ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ onílù sí Èkó, tí a sọ elégbè sí Òkìtìpupa, ta ni yóò lé, ta ni yóò gbè?