Bí Ilé Àgùdà Bá Wó Tán, Kí Ni A Ó Wò?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ilé bá wó ńkọ́? Kí ni òbí yóò tọ́ka sí fún ọmọ Súrùlérè tí ń jẹ́ da Silva, Pereira tàbí Cardoso, bí ó bá béèrè ìdí tí orúkọ ìdílé rẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀?

Àgùdà ni a ń pe àwọn ọmọ Yorùbá àti ẹ̀yà mìíràn tí òwò ẹrú gbé dé Bùràsíìlì àti Kúbà, tí àwọn àti ọmọ wọn sì padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dì ní Bahia ní ọdún 1835. Àjò kò dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n wọn kò padà lọ́wọ́ òfo. Iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ aṣọ rírán wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ni wọ́n mú fréjọ̀n dé, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, tí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ Èkó ń jẹ ní ọjọ́ Ẹtì Rere. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ni ó kọ́ mọ́sáláṣí Ṣítà Bey tí a ṣí ní ọdún 1894. Sàró tí a bí ní Sierra Leone ni Ṣítà Bey fúnra rẹ̀. Ọmọ àjò kọ́lé fún ọmọ àjò, ilé náà sì di ohun àmúyangàn gbogbo Èkó.

Síbẹ̀, ohun àmúyangàn kì í dá tọ́jú ara rẹ̀. Ilé tí ìdílé Fernandez kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1855 ní gbàgede Tinúubú, tí ayé wá mọ̀ sí Ilojo Bar, ni ìjọba kéde ní ọdún 1956 pé ó jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, a wó o lulẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni ìkéde náà fi wà nínú ìwé. Kò dá ẹni tí ń wólé dúró.

Ẹ̀bi irú èyí kò ṣeé dì lé onílé nìkan lórí. Ilé àtijọ́ a máa jò, àjogún a máa pọ̀ ju yàrá lọ, ilẹ̀ Èkó sì wọ́n bí ojú. Ẹni tí a ní kí ó má tà, kí ó má wó, tí a kò sì bá a kan páànù kan ṣoṣo, ìyà ni a fi jẹ ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣeé tún ṣe. Àwọn ọmọ Pólándì tí ó ṣí lọ sí Chicago ní Amẹ́ríkà dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1935. Ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ọmọ Àgùdà kan, Urbain-Karim Elisio da Silva, dá Musée da Silva sílẹ̀ ní ọdún 1998 kí ìtàn àwọn baba rẹ̀ má bàa parun. Nítòsí pàápàá, nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ẹgbẹ́ Legacy tún Jaekel House tí a kọ́ ní ọdún 1898 ṣe, wọ́n sì kó ohun ìrántí rélùwéè sí i.

Ẹnìkan lè wí pé Pópó Àgùdà ní Erékùṣù ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn eku jà ní Èkó láti ọdún 1924 ni ìjọba la ilẹ̀ Yábàá sílẹ̀ fún ibùgbé. Láti ọdún 1955 sì ni wọ́n ti ń wó àárín Èkó, tí wọ́n ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Súrùlérè. Ẹni tí ń kó lọ a máa di ẹrù rẹ̀ dání. Fọ́tò, ìwé ìrìbọmi, àti irinṣẹ́ baba ńlá, inú àpótí ní Yábàá àti Súrùlérè ni ó yẹ kí á wá wọn dé.

Àwọn ilé tí a kọ́ ní àrà Àgùdà ṣì kù ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Kí àwọn ìdílé náà gba ọ̀kan, kí ìjọba ìbílẹ̀ bá onílé tún òrùlé ṣe, kí olúkúlùkù fi ohun tí ó ní síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí pé tirẹ̀ ni. Kí a gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ kí wọ́n tó papòdà. Yàrá kan ṣoṣo tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá; àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n baba ìtàn pàápàá ń fẹ́ ilé tí yóò máa gbé.