Ẹ̀ṣẹ̀ tí gbogbo ìlú jọ dá

Ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn dá lóun nìkan kì í ṣòro mọ̀. Ẹni tó jalè lóru mọ̀ pé olè lòun. Ẹni tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé olóńlé mọ ohun tó ń wá lọ. Èyí tó le jù fún Kristẹni ni ẹ̀ṣẹ̀ tí gbogbo ìlú jọ dá, tí ìjọba fọwọ́ sí, tí ọjà ń pàtẹ́wọ́ fún, tí ẹni tó bá kọ̀ láti lọ́wọ́ sí i yóò sì dà bí ọ̀dàlẹ̀ lójú àwọn ará rẹ̀. Irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Òfin ni wọ́n ń pè é, tàbí ìfẹ́ ìlú ẹni.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Abrefa Busia kéde ní Accra pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ. Yorùbá pọ̀ jọjọ nínú àwọn tí òfin yìí bá. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, ará Ẹ̀jìgbò, ará Ọ̀ffà, ará Ìnísà, ará Ìlọrin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n bí sí Ghana, tí wọn kò mọ ìlú baba wọn ju orúkọ lọ. Àdúgbò kan tiẹ̀ wà ní Accra tí wọ́n ń pè ní Lagos Town nígbà kan rí. Accra New Town lorúkọ rẹ̀ lónìí.

Kì í ṣe kèfèrí ló ṣòfin náà. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni Busia, ọ̀mọ̀wé tó gboyè ní Oxford ni pẹ̀lú. Gbèsè wà lọ́rùn ìlú, iṣẹ́ kò sí, àwọn ènìyàn sì ń wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù. Àlejò tó ní ìsọ̀ lọ́jà ló sún mọ́ wọn jù.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan sọ pé ọ̀rọ̀ òṣèlú lèyí, kí ló kan ẹ̀ṣẹ̀? Ó kàn án. Àwọn oníṣòwò Yorùbá ló gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Ghana. Nígbà tí wọ́n lọ tán, àga ṣófo nínú àwọn ilé ìsìn náà. Ìyẹn ni pé àwọn tó jọ ń jẹ oúnjẹ Olúwa ni ọ̀sẹ̀ méjì yà nípa. Bí ìjọba bá ṣòfin, ìjọba ni yóò dáhùn fún un. Ṣùgbọ́n òfin Busia kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni dúró de aládùúgbò rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, kó wá ra ẹrù rẹ̀ lọ́pọ̀. Òfin kò sọ pé kí ẹni tó kó ọjà àwìn má san owó mọ́ nítorí pé olówó ń lọ. Bẹ́ẹ̀, ọjà lọ lọ́pọ̀, gbèsè sì di àgbàgbé. Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ìlú ti di ti ẹni kọ̀ọ̀kan.

Lónìí, ní Accra bí ó ti rí ní Èkó, ìsìn ìtúsílẹ̀ kì í wọ́n ènìyàn. Wọn a fi òru lé ẹ̀mí èṣù, wọn a dá egún ìdílé lẹ́bi. Àdúrà dára, kò sẹ́ni tó ní kò dára. Ṣùgbọ́n ariwo òru kò lè san gbèsè. Sákéù kò pariwo kankan. Orí ìdúró ló wà tó fi ṣèlérí láti fi ìdajì ohun ìní rẹ̀ fún àwọn tálákà, tó sì ní òun yóò san ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ. Ó mọ iye tó jẹ, ó sì mọ àwọn tó jẹ ẹ́.

Àwọn tí wọ́n lé ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ tiwọn ń dúró dè wọ́n nílé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì, iye kan náà gan-an tí Busia fún àwọn Yorùbá. Ọdún mẹ́rin péré ni èyí sí ìgbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn ìrìnkèrindò ọ̀fẹ́ ní Dakar. Àwọn ọmọ Ghana tó lé ní mílíọ̀nù kan ló dé ojú ọ̀nà. Ibodè Ghana wà ní títì. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù náà kí Rawlings tó ṣí i. Àpò tí wọ́n kó ẹrù sí ṣì ń jẹ́ Ghana Must Go títí di òní, àwọn ènìyàn sì ń fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló yẹ kí Kristẹni Yorùbá yẹ̀ wò. Àwọn tó rántí 1969 kò ṣàìsọ pé ẹ̀san ló ké. Jónà náà jókòó sí ẹ̀yìn Nínéfè, ó ń dúró kí ìlú náà parun, inú sì bí i pé Ọlọ́run ṣàánú wọn. Wòlíì ni síbẹ̀. Àwọn baba sì ti sọ ọ́ pé aforóyaró ni kì í jẹ́ kí oró tán.

Oró náà kò tíì tán. Ní oṣù keje ọdún 2025, àwọn kan tún jáde sí ìgboro Accra pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ọmọ Ghana àti ọmọ Nàìjíríà tún jókòó pọ̀ nínú ilé ìsìn níbẹ̀. Wàásù pọ̀ lórí ọtí àti àgbèrè. Lórí aládùúgbò tó ń ti ìsọ̀ rẹ̀, tó ń wo ẹni tí yóò ra ẹrù òun, ó ṣọ̀wọ́n.