Ìpẹ̀yàrun àti Ohun Tí Ń Fà Á

Bí ènìyàn bá gba ojú ọ̀nà tí ó ti Àgbádárìgì lọ sí ibodè Sèmè, yóò kọjá ní Kankon. Ní ìlú náà àti ní àwọn ìletò tí ó yí i ká, èdè Ègùn ni ọmọdé fi ń kí ìyá rẹ̀ ní òwúrọ̀, èdè Yorùbá ni ó sì fi ń ná ọjà bí ó bá jáde kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé a máa rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ogun ni ó lé púpọ̀ nínú àwọn baba ńlá àwọn ènìyàn wọ̀nyí dé etí ọ̀sà yìí.

Ní ọdún 1724, Agaja ọba Dàhòmì kó ogun ja Allada, ó sì ṣẹ́gun rẹ̀. Ní ọdún 1727 ó ṣe bákan náà sí ìjọba Wídà tí ó wà ní etí òkun. A pa nínú àwọn ènìyàn ìjọba méjèèjì, a kó nínú wọn tà fún òyìnbó, àwọn tí ó yè sì sá gba ọ̀nà ọ̀sà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, sí Àjàṣẹ́ àti sí agbègbè Àgbádárìgì. Ohun tí ó bani nínú jẹ́ jù lọ ni pé kò pẹ́ tí Àgbádárìgì, ibi ìsádi àwọn tí a lé kúrò nílé, fi di èbúté tí a ti ń ta ọmọ ẹlòmíràn.

Ìpẹ̀yàrun ni kí a pinnu láti pa ẹ̀yà kan run nítorí pé wọ́n jẹ́ ẹ̀yà náà, kì í ṣe nítorí ohun tí ẹnì kan nínú wọn ṣe. Ìwà náà ti pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ní ọdún 1944 ni amòfin kan tí ó jẹ́ Júù láti ilẹ̀ Pólándì, Raphael Lemkin, ṣẹ̀ṣẹ̀ wá orúkọ fún un, ní àkókò tí ìjọba Hitler ń pa àwọn Júù ilẹ̀ Yúróòpù. Iye àwọn Júù tí a pa kí ogun náà tó parí ní ọdún 1945 tó mílíọ̀nù mẹ́fà. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1948, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ọwọ́ sí òfin tí ó ka ìwà náà sí ọ̀ràn.

Àwọn kan yóò wí pé òwò ẹrú kì í ṣe ìpẹ̀yàrun, nítorí pé ẹni tí ń ta ènìyàn kò fẹ́ kí ọjà rẹ̀ kú. Mo gbà pé lójú òfin, ọ̀tọ̀ ni èkíní, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Síbẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù méjìlá ènìyàn tí a kó sínú ọkọ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí òdìkejì òkun. Ó súnmọ́ mílíọ̀nù méjì nínú wọn tí ó kú lójú omi, a kò sì tíì ka àwọn tí a pa ní ìlú tí a ti kó wọn. Èrò mi ni pé láti ara gbòǹgbò kan náà ni igi méjèèjì ti hù.

Kí ni gbòǹgbò náà? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé ìkórìíra ni. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ìkórìíra ń bẹ láàrin orogún, ó ń bẹ láàrin àdúgbò méjì tí ń du ilẹ̀, a kì í sì í torí rẹ̀ pa ìran run. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé a ti kọ́kọ́ gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni tí a fẹ́ parun. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Ẹni tí ó bá gba orúkọ lọ́wọ́ ọmọ ti yọ ọ́ kúrò nínú ilé. Nínú ìwé àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrú, a kì í sábà rí orúkọ: ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, ọmọ mélòó ni wọ́n ń kọ, bí ẹni tí ń ka àpò iyọ̀; wọn a sì máa fi irin gbígbóná sàmì sí wọn lára. Ẹni tí a mọ baba rẹ̀, tí a mọ oríkì rẹ̀, ṣòro láti tà. Ẹrú kò ṣòro láti tà.

Ẹ wo Rwanda. Hutu àti Tutsi ń sọ èdè kan náà, wọ́n ń gbé àdúgbò kan náà, wọ́n sì ń fẹ́ ara wọn. Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù tí ó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà nígbà kan rí ni ó kọ ẹ̀yà olúkúlùkù sínú káàdì ìdánimọ̀. Nígbà tí ó yá, ilé-iṣẹ́ rédíò kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn Tutsi ní aáyán. Orin dídùn àti ẹ̀fẹ̀ ń bẹ lórí rédíò náà pẹ̀lú, inú àwọn ọ̀dọ́ sì ń dùn sí i. Láti oṣù Kẹrin ọdún 1994, láàrin nǹkan bí 100 ọjọ́, a pa ènìyàn tí ó tó 800,000; Tutsi ni ó pọ̀ jù nínú wọn, pẹ̀lú àwọn Hutu tí kò fi ọwọ́ sí ìpànìyàn náà. Káàdì àtijọ́ nì ni wọ́n ń bèèrè lójú ọ̀nà. Aládùúgbò ni ó mú àdá wọ ilé aládùúgbò. Ta ni ń káàánú aáyán?

N kò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ó ń pa ènìyàn. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, ẹnì kan wà tí ń wá ilẹ̀, tàbí owó, tàbí ipò. Ní Nàmíbíà, ilẹ̀ àti màlúù àwọn Herero ni àwọn Jámánì ń fẹ́. Nígbà tí àwọn Herero dìde ogun ní ọdún 1904, ọ̀gágun von Trotha pàṣẹ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá pé kí a yìnbọn fún Herero èyíkéyìí tí a bá rí, ìbáà ní ìbọn lọ́wọ́, ìbáà má ní. A lé wọn sínú aginjù, òùngbẹ sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ọdún 2021 ni ìjọba Jámánì tó pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpẹ̀yàrun. Ní ilẹ̀ tiwa, ní ọdún 1966, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ìgbò àti àwọn ará Ìlà-Oòrùn mìíràn ni a pa ní Àríwá Nàìjíríà. Ìdìtẹ̀ àwọn ọmọ ogun ni a fi ṣe àwáwí. Kí ni aláṣọ títà àti akọ̀wé ojú irin mọ̀ nípa ìdìtẹ̀?

Nítorí èyí ni n kò fi lè bá àwọn tí ń wí pé eré ọmọdé ni fífi ẹ̀yà ẹni ṣe yẹ̀yẹ́ gbà. Bí ọmọ kan láti Kankon bá dìde láti kàwé sókè, tí ahọ́n Ègùn sì hàn nínú Yorùbá rẹ̀, kíláàsì lè bú sẹ́rìn-ín. Àní orúkọ náà pàápàá, àwa Yorùbá ni ó ń pè wọ́n ní Ègùn. Ògù ni wọ́n ń pe ara wọn. (Èmi náà ti kọ Ègùn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni ó ti mọ́ wa lẹ́nu tó.) N kò wí pé kíláàsì tí ń rẹ́rìn-ín yóò yọ àdá lọ́la. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó fetí sí rédíò Rwanda kò lérò bẹ́ẹ̀ nípa ara wọn pẹ̀lú. Olùkọ́ tí ó gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ tí ó sì dákẹ́ jẹ̀bi lójú mi.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, iye àwọn òkú tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí pọ̀ ju ohun tí ọkàn ènìyàn lè gbé. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹnì kan ṣoṣo. Ní ọdún 1821, ogun kó ìlú Òṣoògùn. Àjàyí, ọmọdékùnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọdún 12 lọ, wà lára àwọn tí a dè. A fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, a sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí a fi kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà ní ọdún 1822, ó sì gbé àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró. Nígbà tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1845, ó ti di àlùfáà, Samuel Crowther ni a sì ń pè é. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ó fi ojú kan ìyá rẹ̀, lẹ́yìn ọdún 25. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyá náà, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn orúkọ tí ìyá rẹ̀ àgbà máa ń pè é ní kékeré pè é. Ìyá àgbà ti kú sí oko ẹrú.