Bátìrì Inú Ilé

Láti ìgbà tí iná ìjọba ti di àlejò tí kì í pẹ́ jáde, ọ̀pọ̀ baálé ilé ló ti gbé bátìrì olómi ti ẹ̀rọ ínfátà wọ inú ìyẹ̀wù, láìrò pé, nígbà tí ó bá ń gba iná, afẹ́fẹ́ háídírójìn tí í tètè gbiná ń tinú rẹ̀ jáde. Ìta gbangba, tàbí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa, ló yẹ ẹ́.

Èyí tó dùn wá jù ni bí wọ́n ṣe ń lo bátìrì náà títí iná inú rẹ̀ yóò fi tán pátápátá: àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Bí iná inú bátìrì bá kù ní ìdajì, ẹ tètè fi iná sí i, nítorí bí ó bá pẹ́ ní òfìfo, èépá funfun líle yóò bo òjé inú rẹ̀, kò sì ní lè gba iná bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi omi kún un, omi kànga kò gbọdọ̀ kàn án.